Ta Ló Ni Ọjọ́ Kérésìmesì?

Kà: 1 Kọ́ríńtì 10:21-31, Róòmù 14:5-6

Olùfẹ́, arábìnrin kan sunkún wá bá mi nínú oṣù Kejìlá. Ọkọ rẹ̀ ní àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ bá wa ṣe Kérésìmesì, pé ọdún kèfèrí ni.

Arákùnrin náà kò parọ́ tán. Bíbélì kò sọ ọjọ́ tí a bí Jésù. Kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù lọ́dún 354 pe 25 Oṣù Kejìlá ní ọjọ́ ìbí Kristi. Kàlẹ́ńdà yìí kan náà ló pè é ní ọjọ́ ìbí Oòrùn tí wọ́n ń bọ.

Mo wá bi í pé, "Níbo lẹ ti ra aṣọ òkè tẹ́ ẹ fi gbéyàwó?" Ó ní Òjé níbí ni. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ náà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ àbáláyé ọlọ́jọ́ mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, ti Ṣàngó. Ṣé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá di ti Ṣàngó? Ó rẹ́rìn-ín.

Pọ́ọ̀lù gbà wá láyè láti jẹ ẹran ọjà láìwádìí. Ṣùgbọ́n kò gbà wá láyè nídìí tábìlì òrìṣà. Bí ọkàn rẹ kò bá gba ọjọ́ náà, má ṣe é, má sì dá ará rẹ lẹ́bi. Ẹni tó yá owó èlé ra ẹran ọdún, tó tún mutí yó lọ́jọ́ ìbí Olúwa, òun lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Àdúrà: Baba, gba ọjọ́ tí mo yà sọ́tọ̀ fún Ọ, kí àlàáfíà wà nílé mi lọ́jọ́ náà, lórúkọ Jésù.