Ta Ni Ó Ni Ọjọ́ Aláìsàn?

Ìbéèrè yìí kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbolé. Ẹ jẹ́ kí a wo baálé ilé kan ní Ìsọlọ̀ tí ó ṣubú níbi tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó ní Oṣòdì, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án nínú iyàrá, ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ òun lọ wo Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kí àwọn tẹ́ ẹní sábẹ́ àpáta, kí àwọn jẹun níbẹ̀, kí àwọn sì padà lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bi í pé, “Ìwọ tí a ń gbé lọ sí balùwẹ̀, fàájì wo ni o fẹ́ lọ ṣe?”

Obìnrin yìí kò ṣìkà. Láàárín wa, aláìsàn ní láti jọ aláìsàn. Ẹni tí ó yá ènìyàn lówó ìwòsàn kò ní fẹ́ rí i níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo: ọ̀kan ń gbé ènìyàn dìde, èkejì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sórí ẹní. Nígbà tí a dá ilé ìwòsàn eegun Igbóbì sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a dá a sílẹ̀ fún, kí wọ́n lè padà sẹ́nu ìgbésí ayé wọn. Kí eegun so nìkan kò tó.

Síbẹ̀, ọkùnrin náà kò lè sọ pé, “Ẹsẹ̀ mi ni, ohun tí ó bá wù mí ni n ó fi ṣe.” Ẹsẹ̀ tí ó bá rọ̀ sílẹ̀ pẹ́ nínú ọkọ̀ a máa wú. Bí ó bá wú, ta ni yóò jókòó tì í lóru? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan náà ni. Nítorí náà, kì í ṣe dókítà nìkan ni ó yẹ kí ó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ,” ìjà náà rọlẹ̀. Ohun tí ó ń dùn ún kì í ṣe ìrìn-àjò náà, bí kò ṣe pé a kò bi í.

Wọ́n gba Oṣòdì kọjá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí níbẹ̀ ní 2019 ti mú kí ètò wà ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n èrò kò dín. Ní Ọ̀tà, wọ́n dúró kí ó lè na ẹsẹ̀.

Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé sá sí ní 1830. Ibi ìsinmi fún ẹni tí ó fara pa kì í ṣe àjèjì sí àpáta náà. Àwọn ọmọ fẹ́ gùn ún. Òtítọ́ ni pé a ti fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ láti 2006, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni ọmọdé fẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní òun yóò jókòó ti aláìsàn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn gòkè, òun yóò ṣọ́ oúnjẹ. Ẹni tí ó ti ń gba oore fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rí nǹkan fún ni.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, òógùn bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun rí odò Ògùn, òun sì rí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ súà. Ọkùnrin náà ń bi í léèrè lọ títí oúnjẹ fi tutù.