Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjẹ́ Ọmọ

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí fáìlì rí, síbẹ̀ n kò mọ èyí tó bá akọ̀wé ìjọba mu jù ú lọ. Ẹrú a máa jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, ìbáà dára, ìbáà burú. Ọmọ a wo iwájú, a wo ẹ̀yìn, a ro ohun tí orúkọ ilé yóò dà, kò sì ní tìtorí ìyẹn kọ iṣẹ́ fún baba rẹ̀.

Ní Sẹkitéríàtì, kọmíṣánnà ló ń ránni, akọ̀wé àgbà ló ń jíṣẹ́. Bí àṣẹ tó mú ìfura lọ́wọ́ bá dé, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í bá ọ̀gá fà á ní gbangba, kì í sì í jókòó lé fáìlì títí ọ̀rọ̀ yóò fi tutù. Yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí òfin wí nìyí, iye tó kù lápò nìyí, ibi tó lè já sí nìyí. Yóò buwọ́ lù ú, yóò kọ ọjọ́ sí i. Bí kọmíṣánnà bá kà á tán tó ní kí wọ́n ṣì ṣe é, tí òfin kò sì lòdì sí i, akọ̀wé yóò ṣe é bí ẹni pé òun ló dábàá rẹ̀. Bó bá wá tako òfin ńkọ́? Ìlànà ìnáwó ìjọba wa kò fi ibẹ̀ pamọ́: akọ̀wé tí owó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni yóò jíhìn, kódà lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí àga. “Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é” kì í ṣe àwíjàre.

Ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́, àwọn olóṣèlú ìgbà Awólọ́wọ̀ ló dábàá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, wọ́n sì yẹ fún ìyìn tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ṣírò àga àti tíṣà fún àwọn ọmọ tó lé ní 800,000? Àwọn akọ̀wé ni. Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára wọn. Òun ló padà di olórí òṣìṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà, kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 1962.

Lónìí, “a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba làágùn” ni a ń gbọ́, àti “ọ̀gá ò sí lórí àga.” Ọ̀lẹ ni àwọn aráàlú ń pè é. Ní tèmi, ìbẹ̀rù pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀lẹ lọ. Lọ́dún 1975, ìjọba Murtala lé òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgbọ́ tẹnu wọn. Lọ́dún 1988, òfin sọ akọ̀wé àgbà di Olùdarí Àgbà, tí ìjọba tó yàn án bá sì ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Ta ni yóò wá kọ “èyí kò bófin mu” sínú fáìlì ẹni tí àga òun so mọ́ tirẹ̀? Kí ọdún 2000 tó dé, wọ́n ti dá oyè àtijọ́ padà. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá le ní ọ́fíìsì, ẹ ó ṣì máa gbọ́ ọ pé: “Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀ o, ẹ jẹ́ ká kàn fẹnu sọ ọ́.”