Àáró Ni, Tàbí Ọ̀wẹ̀?

Mẹ́ta ni orúkọ tí àwọn baba wa fún iṣẹ́ tí ènìyàn bá ń ṣe lóko ẹlòmíràn. Bí èmi àti ìwọ bá jẹ́ ẹgbẹ́, tí a jọ ṣiṣẹ́ lóko mi lónìí, tí a ó sì jọ ṣe é lóko rẹ lọ́la, àáró ni. Bí iṣẹ́ kan bá ju agbára mi lọ, bí ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ oko àna, tí mo sì ránṣẹ́ pe ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ pé kí wọ́n wá bá mi dá sí i, ọ̀wẹ̀ ni. Oúnjẹ àti ẹmu ni mo jẹ wọ́n, mo sì gbọ́dọ̀ mọ oore. Bí mo bá wá ẹni tí kò bá mi tan, tí a jọ dá iye tí n ó san kí ó tó gbé ọkọ́, àgbàṣe nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa ń há àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí nítorí ìdánwò, wọn a sì gbàgbé wọn kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìdánwò. N kò bá wọn wí, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ oko ni. Lójú tèmi, ìmọ̀ nípa gbèsè ni ó wà nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ta ni ó jẹ ta, kí ni ó jẹ ẹ́, ìgbà wo ni ó sì yẹ kí ó san án.

Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń fi orúkọ wọ̀nyí wo ohun kan tí àwọn baba wa kò rí, èyíinì ni àwọn iléeṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù dá sílẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni wọ́n ti ń kóra jọ sí Yábàá ní Èkó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Mark Zuckerberg tí ó dá Facebook sílẹ̀ wá wò wọ́n níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ kàwé ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ dá Paystack sílẹ̀ ní ọdún 2015 láti máa bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Stripe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rà á ní iye tí àwọn oníròyìn sọ pé ó ju mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ. Ìtàn owó yìí ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun náà ni àwọn òbí fi ń pòwe fún ọmọ wọn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ẹni tí iléeṣẹ́ ń dàgbà mọ́ lọ́wọ́ ni a kì í sábà gbọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, dá irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi fóònù gba owó àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan tí ó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá fẹ́ jáde, ẹlòmíràn ní láti dìde fún un. Kò sí owó oṣù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n ti jọ wà láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ó ń ṣe ìṣirò owó. Orí ọ̀rẹ́ náà pé bí orí Alájọ Ṣómólú tí gbogbo Èkó fi ń ṣàpèjúwe. Ó mọ ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan dá láìwo ìwé. Òun náà ni ó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òun ni ó ń se ìrẹsì, òun ni ó sì ta yẹtí wúrà tí ìyá rẹ̀ fún un ní oṣù tí wọn kò rí owó ilé san. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n di mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Àwọn olùdókòwò dé láti òkè òkun, àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò dé tẹ̀lé wọn, wọ́n sì rí i pé ìṣirò tí ó tó fún yàrá kan kò tó fún iléeṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n ní kí olùdásílẹ̀ wá ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ náà kò jalè, kò sì ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ náà ni ó ti dàgbà jù ú lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ má bínú, Dókítà. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní àáró, ọ̀wẹ̀ àti àgbàṣe. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀rẹ́ mi yìí bá mi ṣe?”

Ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Bí a bá bi ọ̀rẹ́ náà, yóò ní àáró ni: a jọ ro ó, a ó jọ jẹ ẹ́. Lọ́kàn olùdásílẹ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta, ọ̀wẹ̀ ni: ó pe ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ jẹ́ ẹ, ó sì ń dúpẹ́ títí di òní. Olùdókòwò ní tirẹ̀ wo ìwé, kò rí ju orúkọ òṣìṣẹ́ àti iye owó oṣù lọ. Àgbàṣe ni lójú rẹ̀. Òógùn kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò.

Ìdáhùn méjì ni ó wà nílẹ̀ tí ènìyàn lè yára mú. Èkíní ni ti àwọn tí wọ́n ka ìwé ìṣàkóso òwò: ẹni tí kò bá kúnjú òṣùwọ̀n, kí ó máa lọ. N kò lè fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Bí a bá tìtorí ojú àánú ba iléeṣẹ́ náà jẹ́, àwọn méjìlélọ́gọ́ta yòókù ń kọ́? Ìyá tí ó ń dá igba náírà lójúmọ́, tí ó fẹ́ fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, òun ń kọ́? A kò lè sọ fún un pé owó rẹ̀ sọnù nítorí pé alájọ rẹ̀ ń tijú ọ̀rẹ́. Èkejì ni ti àwọn àgbà, tí wọ́n ní ẹni a bá lábà ni baba. Mo fẹ́ràn òwe yìí, ṣùgbọ́n a máa ń lò ó kọjá ibi tí ó dé. Baba ni ó wí. Kò wí pé baba náà ni yóò máa di àpò owó mú. Nínú agbo ilé, baálé lè má mọ̀wé, kí ó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni yóò bá a ka lẹ́tà ìjọba, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Bí ogun bá dé, Balógun ni ó ń ṣíwájú, ọba a sì máa jẹ́ ọba. Ọlá àti iṣẹ́ ti yàtọ̀ síra láàrin wa tipẹ́tipẹ́. Ìyọnu tí ó wà nínú iléeṣẹ́ òde òní ni pé àkàbà kan ṣoṣo ni ó ní. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan nínú iṣẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọlá, gbogbo ọ́fíìsì a sì mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ibi tí àwọn olùdásílẹ̀ máa ń sá sí nígbà tí èyí bá há wọn ni ọ̀rọ̀ náà, ẹbí. “Ẹbí kan ni gbogbo wa níbí.” Ó wù mí kí wọ́n rántí Hubert Ògúndé kí wọ́n tó tún sọ ọ́. Eré rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní Glover Memorial Hall ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọdún 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ náà ti ń gbèrú, àwọn òṣèrébìnrin ni kò ṣeé dá dúró. Òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì lórí ìtàgé. Bí ọmọ náà bá sì lọ́kọ, ọkọ kì í gbà. Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó. A lè bá a jiyàn lórí èyí, èmi náà kò sì ní pa ẹnu mọ́ bí a bá dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹnu lásán ni ó fi pè wọ́n ní ẹbí. Ó bí ọmọ, àwọn ọmọ náà bọ́ sórí ìtàgé. Ní ọdún 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó òṣèré náà, ó sì di òkú ilé. Nígbà tí Ògúndé fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1990, àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wọ aṣọ opó. Ẹni tí ó ń pe òṣìṣẹ́ ní ẹbí ní òwúrọ̀ Ajé, tí ó sì fún un ní ìwé pé kí ó máa lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, kò yá ohunkóhun nínú ẹbí ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ṣe irú èyí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó lọ kọ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì mọ iye ọdún tí yóò lò. Ó mọ̀ pé ọjọ́ fírídọ̀mù ń bọ̀, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, tí wọn yóò jẹ, tí wọn yóò mu, tí yóò sì lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Sunny Adé ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá kí ó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ láàrin ọdún 1965 sí 1970. Ọ̀gá di Bàbá Sàlá, ọmọ iṣẹ́ di ọba orin jùjú. Andela, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, fara jọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀: ó ń gba ọ̀dọ́, ó ń kọ́ wọn ní ètò kọ̀ǹpútà ní kíkọ, ó ń sanwó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ó dá nǹkan bí 250 nínú wọn dúró ní Nàìjíríà àti Uganda, nítorí pé àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn oníbàárà ń fẹ́. N kò rò pé ìkà ni àwọn aláṣẹ rẹ̀. Ọjà ni ó yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí ó kúrò kí fírídọ̀mù tó dé, kí ni yóò sọ nílé?

Mo ti sọ̀rọ̀ àwọn tí a ń ṣe é sí tó. Ẹni tí ń ṣe é náà ń kú lọ́nà tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní bí òun bá wọlé báyìí, ẹ̀rín a dákẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Dọ́là kan tí ó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà kọjá 700 láàrin oṣù kan, kí oṣù Kejì ọdún 2024 sì tó parí, ó ti kọjá 1,500. Dọ́là ni iléeṣẹ́ rẹ̀ fi ń san owó ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà wọn sí. Náírà ni àwọn ìyá ọlọ́jà ń dá. Òun nìkan ni ó mọ̀ nígbà náà pé owó oṣù mẹ́rin péré ni ó kù ní báńkì. Bí ó bá sọ fún òṣìṣẹ́, àwọn tí ó dára jù ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá á gba ààwẹ̀, kò ní sùn. Ó ń rẹ́rìn-ín ní ìpàdé òwúrọ̀ Ajé, á sì lọ bì ní ilé ìwẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé irọ́ ni ẹ̀rín bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ó yẹ kí á ya ẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ń dẹ́rù bani. Ẹ̀rù jẹ́ ti olórí, kò sì burú bí ó bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin tí ó kù kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ó jẹ́ ti ẹni tí ó fẹ́ gba ilé tuntun ní oṣù tí ń bọ̀, àti ti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ṣe nǹkan. Bí àwọn tí ó dára jù bá tìtorí bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ wọn ni.

Ní ti ẹ̀rù náà, àáró ni mo ní kí ó wá lọ. Ohun kan wà nínú àáró tí ìwé ìdánwò kì í tẹnu mọ́: ẹni tí kò bá ní oko tirẹ̀ kò lè wọ àáró. Kí ni a ó bá a ro ní ọjọ́ tirẹ̀? Àwọn olùdásílẹ̀ mẹ́rin mìíràn tí òwò wọn kò bá tirẹ̀ figagbága ni ó lè máa bá jókòó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ó ti ń ṣe é báyìí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù.

Òfin oko yìí kan náà ni mo fi dá a lóhùn nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Ṣé ó ní oko kankan nínú ohun tí ẹ jọ ṣe?” Ó ní rárá, nítorí pé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣeé pín. Ìgbà náà gan-an ni ó sì yẹ kí á pín in, kí á kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kò tíì ní iye lórí, tí ojú kò tíì lè wọ ẹnikẹ́ni. Bí owó bá ti dé, ẹni tí ó bá béèrè di olójúkòkòrò, ẹni tí ó bá sì fi fúnni di alàánú, bẹ́ẹ̀ gbèsè lásán ni.

Ó lọ bá ọ̀rẹ́ náà nílé, kò fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ fún un láìbò ó, ó fún un ní ìpín nínú iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé agbẹjọ́rò, ó sì fi ipò olórí àwọn tí ń bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, iṣẹ́ tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bí i tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà gba ìwé, ó kọ ipò. Ó ní òun kò lè máa gba iwájú tábìlì òun kọjá kí ẹlòmíràn jókòó sí i. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bímọ, ó fi aṣọ ọmọ ránṣẹ́, kò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ìwé ìpín náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì ṣeé ná, nítorí kò tíì sí ẹni tí ó ra iléeṣẹ́ náà.