Kí Là Ń Rà Tá A Bá Ra Gìtá?

Tí ọ̀dọ́ onígìtá méjì bá pàdé ní Òmù-Àrán, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìsìn tàbí níbi ìnáwó, orúkọ tó wà lórí gìtá ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Tó bá jẹ́ Fender tàbí Gibson, a ó kan sáárá. Tó bá jẹ́ orúkọ tá ò gbọ́ rí, a ó yínmú. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Níbo gan-an ni iyì gìtá wà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe kàn wọ́n. Stratocaster tí Fender gbé jáde ní 1954, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara. Bí ọrùn bá bàjẹ́, a lè tú u, ká fi òmíràn sí i. Ó ní ìwo méjì, wọ́n sì fá ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà máa gún èèyàn níhà. Les Paul tí Gibson gbé jáde ní 1952 yàtọ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ọrùn rẹ̀. Igi mahogany, ìbátan ọ̀gànwó tiwa, ni ara rẹ̀, wọ́n wá fi igi maple bo ojú rẹ̀. Ó wúwo, ẹni tó bá gbé e kọ́rùn mọ́jú á mọ̀ ọ́n léjìká. Ohùn Stratocaster mọ́ gaara, àmọ́ ó máa ń kùn bí oyin nítòsí iná mànàmáná. Láti 1957 ni Gibson ti ń so kọ́ìlì méjì pọ̀ lára Les Paul láti pa kíkùn yẹn, ohùn rẹ̀ sì ki.

Ìyàtọ̀ gidi nìyẹn, ó tọ́ kéèyàn sanwó fún un. Ìrísí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; ta ni ò fẹ́ ohun tó dùn-ún wò? Ibi tó ti di wàhálà ni orúkọ. Orúkọ kì í mú ọrùn gìtá tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tàn wá jẹ lọ́jà, kó ṣáà lẹ orúkọ ńlá mọ́ gìtá yẹpẹrẹ ni. Leo Fender fúnra rẹ̀, ràdíò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, kò sì mọ gìtá ta. Ọwọ́ àwọn olórin ló sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. King Sunny Adé náà mú pedal steel, gìtá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin ìgbèríko Amẹ́ríkà, ó fi sínú jùjú, Dèmọ́lá Adépọ̀jù sì ń ta á bí ẹni pé ilé wa ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wo Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa níbí. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà ní mùsíọ́ọ̀mù ibẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945. Òkúta rírọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ti kán lọ́rùn, a ò sì mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí wọn mọ̀ pé ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló gbẹ́ wọn.

Ẹnìkan lè ní: "Ṣé ẹ fẹ́ ká máa ta gìtá játijàti ni?" Rárá o. Gìtá tí ọrùn rẹ̀ wọ́, tí okùn rẹ̀ kì í dúró lóhùn, ìyà ló fi ń jẹ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà á rò pé etí òun ni ò dáa, á sì pa á tì. Nítorí náà, ká tó yáwó, ká tó ná owó ìjọ, ẹ jẹ́ ká wo ọrùn náà bóyá ó tọ́, ká yí okùn rẹ̀ wò, ká ta á, ká gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la lè wá ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀.