Amaanah Ni Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tí Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ

  

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Owódé Onírin, arábìnrin wa kan gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì, wá bá mi, ó sì bú sẹ́kún. Ó ní búrẹ́dì àti mínírà nìkan ni ọmọ náà ń fẹ́. Bí ó bá rí ẹ̀wà, á di ẹnu pa. Bí wọ́n bá fi ẹ̀fọ́ sí i lẹ́nu, á tu ú dà nù. Ọkọ rẹ̀ tí ń ta irin yóò ti ọjà dé lálẹ́, yóò bá oúnjẹ ọmọ nínú abọ́ bí wọ́n ṣe bù ú, yóò sì pariwo pé ìyá kò mọ ọmọ tọ́. Nígbà tí ó yá, àgbàlagbà kan nínú ilé gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó dí i nímú, ó sì ń rọ ọ́ ní ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ gba ọ̀nà òdì, ojú ọmọ yí. Ọlọ́hun ló yọ ọ́.

Ẹ̀yin ará mi, Mile 12 tí iṣu, ata àti tòmátì ń wọ̀ wá lọ́kọ̀ lọ́kọ̀ kò jìnnà sí wa. Owó lè ra gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò lè mú ọmọ la ẹnu. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa.

Èkíní, Abu Hurayra sọ, Bukhari àti Muslim sì gbà á wá, pé Ànábì (SAW) kì í bú oúnjẹ: bí ó bá wù ú, á jẹ, bí kò bá wù ú, á fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan wọ́n gbé ẹran alángbá inú aṣálẹ̀ síwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe haraamu, ṣùgbọ́n kò sí i ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun, ara òun sì kọ̀ ọ́. Khalid bin Walid jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Bí ara Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá lè kọ oúnjẹ tí kò mọ̀, kí ni a ó wí nípa ọmọ ọdún méjì? Kíkọ oúnjẹ kì í ṣe iṣẹ́ èṣù, kì í sì í ṣe ohun tí à ń torí rẹ̀ na ọmọ.

Èkejì, àánú. Al-Aqra bin Habis sọ fún Ànábì pé òun ní ọmọ mẹ́wàá, òun kò sì fẹnu ko ìkankan lẹ́nu rí. Ànábì jẹ́ kó yé e pé ẹni tí kò ṣàánú kò ní rí àánú gbà. Ẹni tí ó ń dí ọmọ nímú nítorí ẹ̀kọ, kí ó rántí èyí.

Ìṣe yìí kì í ṣe ti ilé kan. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1991, dá lórí rírọ ọmọ láàárín wa. Àwọn ìyá ń ṣe é nítorí ìfẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ sì lè bẹ̀rù abọ́ títí. Ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ti kọ́ àwọn ìyá ní ẹ̀kọ ìlera: ògì tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà, epo pupa àti ṣúgà sí, kí ìwọ̀nba díẹ̀ tí ọmọ bá mu lè ṣe é lóore.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé bí Ọlọ́hun ṣe dá ọmọ ni. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ tí a bí i. Lẹ́yìn náà, ìdàgbà rẹ̀ á rọra, ebi rẹ̀ á sì dín kù. Oúnjẹ tuntun pẹ̀lú, ọmọ lè nílò láti rí i ní ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbà á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe báyìí:

1. Iṣẹ́ òbí ni láti yan oúnjẹ àti àkókò. Ọmọ ni yóò mọ ìwọ̀n tí yóò jẹ. Bí ó bá ti yó, ẹ gbé abọ́ kúrò láìsí ìjà.

2. Ẹ dẹ́kun bisikíìtì àti mínírà láàárín oúnjẹ. Bàbá tí ń ra mínírà bọ̀ lálẹ́, tí ó tún ń bá ìyá jà pé ọmọ kò jẹun, ìwọ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

3. Ẹ bu díẹ̀. Ẹ fi ohun tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ó mọ̀: mọ́ínmọ́ín díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dòdò. Ẹ má fún un ní ẹ̀pà odidi, ó lè há a lọ́fun.

4. Ẹ bá a jẹun. Umar bin Abi Salamah, ọmọ tí Ànábì tọ́, ń na ọwọ́ káàkiri inú àwo. Ànábì kò lù ú. Ó kọ́ ọ láti dárúkọ Ọlọ́hun, láti fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, àti láti jẹ níwájú ara rẹ̀. Ibi abọ́ kan náà ni ó ti kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi sùúrù bo àìsàn mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá ń rù, bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń dà á láàmú, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò mu omi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìlera kíá. Wọn yóò wọ̀n ọ́n. Láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún, bí okùn ìwọn apá bá fi hàn pé apá ọmọ kò tó sẹ̀ntímítà 11.5, ewu ńlá ni. Àdúà dára, ìtọ́jú náà sì jẹ́ ara ìgbọ́ràn sí Ọlọ́hun.

Arábìnrin wa gbìyànjú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dẹ́kun mínírà, ó sì ń pe ọmọ sí ìdí abọ́ tirẹ̀. Ọmọ náà kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fúnra rẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún, ó mú àkàrà nínú abọ́ bàbá rẹ̀, ó bù ú jẹ. Ìyá rẹ̀ ní òun kò lè sọ̀rọ̀, Alhamdulillah nìkan ni òun rí wí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù lórí àwọn ọmọ wa, kí Ó sì ṣe wọ́n ní ìtutù ojú fún wa. Àmín.