Ohun Tí Onídùúró Fi Lélẹ̀

Bí ọwọ́ òfin bá tẹ ènìyàn kan ní Ìkẹ́rẹ́ ìlú Ògògà, tàbí ní Ìsẹ̀ ìlú Arínjálẹ̀, tàbí ní Emùré ìlú Elémùré, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án ṣùgbọ́n tí ilé-ẹjọ́ kò tí ì dá a lẹ́bi, ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni iye tí béèlì rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé, ta ni yóò dúró fún un?

Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 sọ ní abala 35 pé, níbi tí ilé-ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni a lè fi dá ẹni tí a mú dúró kí a tó gbé e wá síwájú adájọ́. Abala 36 sì ní aláìṣẹ̀ ni títí a ó fi rí ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni béèlì àgọ́ ọlọ́pàá, a sì ń kọ ọ́ sára ògiri wọn bẹ́ẹ̀. Ní kóòtù, adájọ́ lè dá iye owó kan lé e, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà owó náà kì í jáde lápò ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà: onídùúró yóò fọwọ́ síwèé, yóò kó ìwé owó-orí tàbí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wá, a ó yẹ ibùgbé rẹ̀ wò, àfi bí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ ni ìjọba tó lè gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àti ìmọ̀ tí ó ní nípa ọmọnìkejì rẹ̀ ni ó fi lélẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ni ó sábà máa ń dúró. Bí adájọ́ bá dá dọ́là 10,000 lé ènìyàn, ẹbí rẹ̀ lè san nǹkan bí 1,000 fún ilé-iṣẹ́ náà, owó yìí kò sì ní padà sọ́dọ̀ wọn, bí a tilẹ̀ dá a láre. Ìpínlẹ̀ Illinois pa béèlì olówó rẹ́ ní 2023. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2015 lórí ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn, ní abala 187, ṣí ọ̀nà fún àwọn onídùúró tí a fún níwèé àṣẹ. Àwọn mìíràn sì wà nítòsí kóòtù wa tí wọ́n ń fi orúkọ wọn ṣòwò láìsí àṣẹ, tí wọn kò mọ ilé olùjẹ́jọ́, tí wọn kò mọ ọ̀nà.

Nínú Bíbélì, Júdà kò fi fàdákà dúró fún Bẹ́ńjámínì lójú baba wọn. Ara rẹ̀ ni ó fi lélẹ̀. Sólómọ́nì sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá yára ṣe onígbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn, nítorí ẹni tí ó mọ ènìyàn dáadáa nìkan ni ó yẹ kí ó gba ẹrù rẹ̀ rù. Nígbà ìwọ̀fà, a ń fi ara ènìyàn dúró fún owó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í sì í dín ojú owó kù. Ẹni tí ó wà láhàámọ́ nítorí àìlówó béèlì kò jìnnà sí ìwọ̀fà.

Ẹnìkan lè wí pé onídùúró tí ń fi orúkọ rẹ̀ ṣòwò ṣàánú fún lébìrà àjèjì tí ó wá roko kòkó ní Ìsẹ̀ tàbí Emùré, tí kò ní ẹbí nítòsí. Òótọ́ ni pé ènìyàn laṣọ ẹni, ẹni tí kò ní ènìyàn sì wà ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tí ó ti ń jọ́sìn mọ̀ ọ́n. Ìyá olóúnjẹ tí ó ń bọ́ ọ mọ̀ ọ́n, òfin 2015 kan náà sì sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ onídùúró nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ ni a ń ki Èkìtì; bí àjèjì bá jókòó sí àhámọ́ láàrin wa nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ̀ láti fọwọ́ síwèé, àwa ni a jẹ gbèsè, kì í ṣe òun.