Jíjí Fíìmù Onóhùn Bẹ̀ǹgálì: Kí Ni Wọ́n Jí?

Àwọn tó ń sọ èdè Bẹ̀ǹgálì ju mílíọ̀nù 200 lọ, pàápàá ní Bangladẹ́ṣì àti ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Deepto ti Bangladẹ́ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré ilẹ̀ Tọ́kì nípa Sultan Suleiman hàn ní èdè Bẹ̀ǹgálì ní 2015, òkìkí rẹ̀ kàn débi pé ní 2016, àwọn òṣèré Dhaka fi ẹ̀hónú hàn pé eré òkèèrè ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni àwọn ajífíìmù ń lé kiri. Wọn a mú àwòrán láti orí ìkànnì tí ènìyàn ń sanwó wò, wọn a yọ ohùn Bẹ̀ǹgálì lára èyí tí tẹlifíṣọ̀n gbé sáfẹ́fẹ́, wọn a sì so méjèèjì pọ̀. Wọn a fún un pọ̀ kí ẹni tí dátà rẹ̀ kéré lè gbà á sórí fóònù. Ìpolówó, títí kan ti tẹ́tẹ́, ló ń mówó wọlé fún wọn. Bí wọ́n bá ti ìkànnì kan pa, òmíràn a yọjú pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun. Ìdí nìyí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Delhi fi pàṣẹ ní 2019 pé ìdènà lè tẹ̀ lé wọn dé àdírẹ́sì tuntun náà.

Ṣùgbọ́n ṣé olè jíjà ni dída fíìmù kọ? Ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé kò ní ewúrẹ́ mọ́. Ẹni tí wọ́n da fíìmù rẹ̀ kọ ṣì ní in lọ́wọ́. Nínú ìlànà Hánáfì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Bangladẹ́ṣì ń tẹ̀ lé, àwọn àgbà onímọ̀ ìgbàanì gbà pé ohun tó ṣeé dì mú ni dúkìá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 1988, Àjọ Àgbáyé fún Ìmọ̀ Fiqh, ìyẹn òfin Ìsìláàmù, pinnu ní Kuwait pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti olùhùmọ̀ níye lórí, pé Ṣàríà dáàbò bò ó, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ pa á lójú. Láàárín àwọn Híńdù, Patanjali, onímọ̀ yóògà ìgbàanì, ka asteya, àìjalè, mọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Àlàyé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n kà sí ti Vyasa sì fi kún un pé asteya ní í ṣe pẹ̀lú kí ojú má wọ ohun ẹlòmíràn.

Èrò Mùsùlùmí àti ti Híńdù pàdé síbì kan: owó iṣẹ́ ni wọ́n jí. Ẹnìkan túmọ̀ ọ̀rọ̀ eré náà, àwọn mìíràn ya ohùn wọn fún òṣèré Tọ́kì, ẹlòmíràn to ohùn mọ́ ìṣísẹ̀ ẹnu. Bí èrè kò bá tọ̀ wọ́n lọ, kò ní sí ẹni tí yóò náwó sí ohùn Bẹ̀ǹgálì mọ́, àwọn tó ń sọ èdè náà gan-an ni yóò sì pàdánù.

Òtítọ́ ni pé tálákà kò rówó san níbi gbogbo. Ó yẹ kí oníṣòwò fi owó pọ́ọ́kú gbé eré náà jáde. Ṣùgbọ́n àìní òǹwòran kò pa gbèsè tó jẹ òṣìṣẹ́ rẹ́, kò sì sọ ẹni tó fi ìpolówó jèrè lórí iṣẹ́ oníṣẹ́ di olóore.